Tíṣà Àtàndá àti Àmùrè Elésè Àlùkò

Bí ẹ bá wọ Ìkòsí lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ rí sùtánà funfun tó gún régé lára èèyàn, tí kò fẹ̀ jù, tí kò sì fún jù, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó rán an. Ọkọ mi ni. Àtàndá ni ìyá rẹ̀ ń pè é, Tíṣà ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é, èmi ń pè é ní Bàbá Kúnbi. Bí inú bá bí mi, mo ní orúkọ mìíràn tí mo máa ń pè é, àmọ́ mi ò ní sọ ọ́ síbí. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló ti ń ránṣọ ní Kétu. Àlùbọ́sà lèmi ń tà ní Mile 12, àpò àpò ni mò ń tà á, nítorí náà, bí ohùn mi bá lọ sókè jù, ẹ fara mọ́ ọn. Ọjà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣakí ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Kétu. Ìyàwó ọ̀gá náà jẹ́ aláṣọ funfun, òun ló mú un wọ ìjọ, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán sùtánà. Ní tèmi, ilé mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí, ní Ìkòsí níbí. Àbúrò mi Nojeem ló gbé aṣọ Iléyá lọ fún un, ó rán ṣòkòtò náà kúrú. Mo bínú, mo di gèlè mọ́dìí, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ̀rọ̀ títí. Ó kàn dúró, ó ń wò mí, ó ní, “Aunty, ẹ bínú tán ná, kí n tó fèsì.” Ẹ gbà mí o! Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ tẹ̀ lé e ni ẹ̀rín ti gbà mí lẹ́nu. Bí mo ṣe dé ilé rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi bínú títí a fi bí Kúnbi, wọ́n gbé ọmọ náà lé ọwọ́ wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán.

Kò kàwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti mẹ́nu ba Bíbélì, ẹ yáa jókòó. Òun ló ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀kọ́ lọ, ìyẹn ìtàn àwọn ọba mẹ́rin tó jẹ kẹ́yìn ní Júdà, kí Bábílónì tó kó wọn lẹ́rú. Ọdọọdún, lẹ́yìn ìkórè, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ló fi ń kọ́ wa, ọba kan lọ́sẹ̀ kan. Ó ní ọba tó bẹ̀rẹ̀ ìlú kò kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n tó ọba tó parí ìlú. Gbogbo wa ti mọ ìtàn náà débi pé a lè sọ ọ́ lójú oorun, síbẹ̀ a ṣì ń fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó máa ń gbé abẹ́rẹ́ wá bá mi láàárọ̀, á ní, “Bá mi fi òwú sí i, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.” Mo wo ọwọ́ rẹ̀, kò gbọ̀n. Ó ń da omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo bá a tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú sùtánà tí wọ́n fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ sà, Wòlíì.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kò pẹ́ rárá. Ní kíláàsì, kò ka Bíbélì fúnra rẹ̀ mọ́. Jayé mẹkáníìkì, akọ̀wé kíláàsì, ló ń ní kó kà á. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn tó kù máa kópa. A yìn ín, a ní Tíṣà ti ń kọ́ ẹlòmíì níṣẹ́.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bàbá rẹ̀ fọ́jú ní Ṣakí. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jókòó sí ìdí ògiri kan náà, Àtàndá tó ṣì kéré ló sì ń fi ọ̀pá fà wọ́n kiri. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa tẹ̀ lé wọn, wọ́n á dijú, wọ́n á máa táràrà kiri, wọ́n á máa fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.

Lóṣù kẹta ọdún yìí, àwọn kan wá ṣàyẹ̀wò ojú lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ọkọ mi sórí ìlà. Nígbà tó padà dé, mo bi í pé kí ni wọ́n sọ. Ó ní, “Wọ́n ní ojú mi dáa, kí n máa jẹ ẹ̀fọ́.” Mo se ẹ̀fọ́ fún un bí ẹni tó ń bọ́ ewúrẹ́. Òpè ni mí nígbà yẹn.

Nígbà tó wá di ọjọ́ ìgbéga oyè, kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹni tí kò bá mọ ìjọ wa. Àmùrè tí a ń sán mọ́ sùtánà ló ń sọ ipò tí èèyàn wà. Àwọn màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè ń sán búlúù. Elésè àlùkò, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní pọ́pù, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sán an, ìyẹn Ìyá Àgbà, Màmá Adédiwúrà, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ẹlòmíì kì í sán àwọ̀ náà àfi tí ẹni tó ni ín bá ti papòdà. Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Dámọ́lá ló gòkè. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n tú àmùrè tuntun nínú ọ̀rá tí ọkọ mi fi dì í, wọ́n sán an mọ́ ọn nídìí. Pọ́pù ni!

Ariwo sọ. Àwọn kan ní wọ́n ti fún Tíṣà ní nǹkan. Ìyá Dámọ́lá fúnra rẹ̀ ń wo ìdí ara rẹ̀ bí ẹni tí ejò wé mọ́. Wòlíì gbé ọwọ́ sókè, ibẹ̀ pa lọ́lọ́, wọ́n ní, “Tíṣà, ìwọ lo rán an. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ọkọ mi dìde. Òógùn ti bò ó. Ó ní, “Wòlíì, bí Ẹ̀mí ṣe darí ọwọ́ mi ni mo ṣe é.”

Háà! Ẹ̀yin èèyàn, ta ló máa bá Ẹ̀mí jà nínú ìjọ aláṣọ funfun? Gbogbo ilé dìde, “Ògo! Ògo!” Agogo ń dún. Mo wo ojú ọkọ mi, mo sì mọ̀ pé irọ́ ló pa. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nìkan ni. Kí ojú má rìíbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀, mo gbé bàtà mi, mo gba ilé lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà burú sí ni pé Ìyá Àgbà gbà á gbọ́. Bí Ẹ̀mí bá ti fi àwọ̀ wọn fún ẹlòmíì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ọlọ́run ti ń pè wọ́n wálé. Wọn ò bínú, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láti fi palẹ̀ mọ́, gààrí tútù lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń mu. Wọ́n kó ìkòkò wọn fún àwọn ọmọbìnrin àdúgbò, wọ́n fún ẹnì kan ní àga wọn, wọ́n ní kí ọmọ wọn ní Ògùdù máa bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti rù. Ẹ̀yin náà á ní kí ló dé tí èmi ò lọ sọ fún wọn. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ṣèèṣì ni.” Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní, “Ìbíjọkẹ́, ìyàwó kì í gba ìran ọkọ rẹ̀ gbọ́. Lọ máa gbàdúrà.” Mo rí i pé ẹnu tó sọ ọ́ nìkan ló lè gbé e padà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀kọ́ àwọn ọba bẹ̀rẹ̀. Jèhóáhásì la kọ́kọ́ kọ́. Oṣù mẹ́ta péré ló lò lórí oyè tí wọ́n fi gbé e lọ sí Íjíbítì, kò tún padà mọ́. Ọkọ mi sọ ọ́ wéré, ó jókòó.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ lọ aṣọ. Kò sí iná, mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ nílẹ̀. Mo ṣí i kí n lè da eérú ọjọ́ pípẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù, mo bá bébà kan tó há sí igun, iná ò jó o tán. Etí rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, sísọ́ọ̀sì télọ̀ ló gé e. Mo gbé e síta. Mo rí “Àtàn”, mo rí “ojú”, mo rí “Gbàgádà, kíákíá”. Wọ́n ti fún un ní ìwé ilé ìwòsàn láti oṣù kẹta! Ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi í sínú iná. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá yé mi, abẹ́rẹ́, kọ́ọ̀bù, sùtánà tó dọ̀bálẹ̀ fún, àti àmùrè. Sátíìnì kan náà ni búlúù àti pọ́pù, ọwọ́ ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ojú rẹ̀ ò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Mo so bébà náà mọ́ etí ìró mi. Mo ní ká kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ká dé ná.

Àmọ́ mi ò rántí ọba tó kàn. Jèhóíákímù ni! Ọba tí wọ́n ka ìwé Jeremáyà sí létí níbi tó ti ń yá iná. Bí wọ́n bá ti ka ojú ewé mẹ́ta mẹ́rin, á fi ọ̀bẹ gé e, á jù ú sínú iná, títí gbogbo ìwé náà fi jó tán. Jayé ń kà á, ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti mọ́tò tí kò ní sàlẹ́ńsà. Èmi ń wo ọkọ mi. Ó dúró bí òpó.

Mo nawọ́ sókè. Mo ní, “Tíṣà, mo ní ìbéèrè.”

Ó mọ ohùn mi. Ó ní, “Ẹ máa bi wá, Ìyá Kúnbi.”

“Ìwé tí ọba sun yìí, ṣé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jóná?”

Kò tiẹ̀ rò ó kó tó dáhùn, ó ti sọ ọ́ lọ́dọọdún fún ogún ọdún. Ó ní, “Rárá o. Ọlọ́run ní kí Jeremáyà tún un kọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló padà, wọ́n sì tún fi òmíràn kún un.”

Mo ní, “Ẹ ṣé sà. Nítorí mo rí èyí tó kù nínú áyọ́ọ̀nù ni.” Kò sí ẹni tó mọ ohun tí mò ń sọ àfi àwa méjèèjì. Ó di etí tábìlì mú.

A délé, mo tú etí ìró mi, mo gbé bébà náà lé e lọ́wọ́. Mo ti ṣe tán láti pariwo. Ọ̀rọ̀ tó sọ ló dá mi dúró. Ó ní, “Ìyá Kúnbi, tí wọ́n bá gbọ́ pé mo ń fọ́jú, ta ni á gbé aṣọ wá fún mi? Ta ni á gbọ́ Bíbélì lẹ́nu mi? Wọ́n á ní afọ́jú ń fọ̀nà han afọ́jú. O ò rí bí wọ́n ṣe ṣe bàbá mi.”

Mo ní, “Ìyá Àgbà ńkọ́?”

Ó ní, “Mo ti pe orúkọ Ẹ̀mí sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e padà?”

“Bí o ṣe gbé e wá náà. Ẹnu lo fi gbé e wá.”

Mo ránṣẹ́ pe Nojeem àbúrò mi, tó ń ta ata ní ìsọ̀ kejì sí tèmi, nítorí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún òun lójú ní Gbàgádà lọ́dún méjì sẹ́yìn. Nojeem ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ba èmi náà. Ìgbà tí mo padà délé ni mo wá rí i pé ẹran kékeré ni ìyàwó mi ti ń bù fún mi láti ọjọ́ yìí.” A rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ó wá mi orí, ó ní, “Tìrẹ yàtọ̀, Nojeem. Tèmi, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá. Kò sí ohun tí dókítà máa sọ fún mi tí mi ò tíì rí lára bàbá mi.” Inú bí mi, mo pè é ní orúkọ tí mo ní mi ò ní sọ yẹn.

Lọ́sẹ̀ kẹta a kọ́ Jekonáyà, ọmọ Jèhóíákímù. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Nígbà tí Bábílónì yí ìlú ká, ó mú ìyá rẹ̀ dání, ó jáde lọ bá wọn, ó ní kí wọ́n mú òun. Wọ́n kó o lọ sẹ́wọ̀n. Ibẹ̀ ni ọkọ mi máa ń fi tirẹ̀ sí, a ò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọkùnrin méjì ló di Ìyá Àgbà mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ààwẹ̀ ti mú wọn.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin dé, ọjọ́ Sedekáyà. Ilé kún fọ́fọ́, torí gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn. Jayé kà á. Sedekáyà ránṣẹ́ pe Jeremáyà ní ìkọ̀kọ̀, ó bi í pé kí ni kí òun ṣe. Jeremáyà ní kó jáde lọ bá àwọn ìjòyè Bábílónì, ẹ̀mí rẹ̀ á là, ìlú ò ní jóná. Ọba ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àwọn ará ilé òun tó ti sá lọ bá Bábílónì ló ń ba òun, wọ́n á fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Kò jáde. Nígbà tó yá, ó sá gba ẹ̀yìn ògiri, wọ́n lé e bá, wọ́n pa àwọn ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n sì fọ́ ojú náà.

Ìbéèrè kan wà tí ọkọ mi máa ń bi wá níbẹ̀. Á ní, “Ta ló fọ́ ọba lójú?” Ẹni tó bá jẹ́ àlejò á ní àwọn ará Bábílónì ni. Á wá ní, “Rárá o. Ìtìjú ni.” Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn ó bi í bó ṣe máa ń bi í, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, “Ta ló fọ́ ọba lójú?”

Gbogbo kíláàsì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, “Ìtìjú ni!”

Ó fọwọ́ tọ́ etí tábìlì bọ́ síwájú. Ó ní, “Ìyá Àgbà dà?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣeré ni. Ìyá Àgbà jókòó sí iwájú rẹ̀ gan-an, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní, “Èmi rè é, Tíṣà.”

Ó kúnlẹ̀ síbi tí ohùn ti wá. Ó ní, “Màmá, mi ò rí yín. Mi ò ṣeré o. Ojú mi ti ń kú láti ọdún tó kọjá, mo sì ń fi pamọ́ fún gbogbo yín. Ẹ̀mí kọ́ ló ní kí n fi pọ́pù ṣe àmùrè Ìyá Dámọ́lá. Mo rò pé búlúù ni mo gé. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò ríran, mo bá purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ẹ dárí jì mí.”

Ìyá Àgbà dìde dúró fúnra wọn, ẹni tí wọ́n dì mú wọlé láàárọ̀!

“Àtàndá, o ní kì í ṣe Ẹ̀mí?”

“Kì í ṣe Ẹ̀mí, mà.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú, mà.”

“Ìyẹn ni pé Ọlọ́run ò tíì pè mí?”

“Bóyá ẹ ṣì máa sin èmi gan-an, mà.”

Ìyá Àgbà káwọ́ lérí. “Yéè! Mo mà ti kó ìkòkò mi fún wọn o! Àga mi! Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń mu gààrí tútù! Ta ló ní ẹ̀wà nílé níbí? Ẹ bá mi wá ẹ̀wà, ebi ń pa mí!” Bí ẹ̀rín ṣe bú yẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìyá Dámọ́lá tú pọ́pù nídìí níbẹ̀, ó jù ú sórí tábìlì, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń sán an ni inú ti ń run òun. Àwọn ọmọbìnrin tó gba ìkòkò sáré lọ kó wọn wá. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń gbọ̀n mí, mi ò mọ èwo ni kí n ṣe.

Wòlíì ò gbójú fò ó o. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ẹnu Ọlọ́run sọ ohun tí Ọlọ́run ò sọ gbọ́dọ̀ jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Tíṣà ò gbọdọ̀ kọ́ni. Wọ́n ní, “Fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tọ́jú ojú rẹ.” Wọ́n sì fi ọkọ mi ṣe ẹlẹ́yà lóòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní Sedekáyà bó bá ti ń kọjá. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, wọ́n wá ẹlòmíì tí wọ́n máa fi ṣeré. Ó wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìyá Kúnbi, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí? Ohun tí mo ń sá fún nìyí?”

Ọjọ́ kejì tó jẹ́wọ́ la ti lọ sí Gbàgádà, èmi, òun àti Nojeem. Dókítà obìnrin kan tan iná sí i lójú, ó wò ó pẹ́. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú débi pé òrùka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ẹran. Dókítà ní, “Bàbá, nǹkan kan wà nínú ẹyinjú tó yẹ kó mọ́ gaara bí omi. Tiyín ti di bí omi ògì. A máa yọ ọ́, a máa fi tuntun sí i. Ẹ máa ríran.”

Mo ní, “Ẹ tún un sọ.” Ó tún un sọ.

Ọkọ mi ò dúpẹ́. Ó ní, “Bàbá mi ńkọ́? Ojú tiwọn náà funfun.” Dókítà bi í pé ṣé ó funfun ní àárín, bíi wàrà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní òun ò rí wọn, òun ò lè búra, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun kan náà. Ọkọ mi bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ọdún mọ́kànlá nídìí ògiri! Ó ní òun rò pé ìdílé àwọn ni wọ́n kọ ọ́ mọ́. Nojeem ń fọwọ́ lù ú lẹ́yìn, “Ẹ̀gbọ́n, ó tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tiyín.”

Wọ́n ṣe ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n ṣe èkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì ṣí ohun tí wọ́n fi bò ó. Ó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú. Ó dojú kọ mí.

“Ìyá Kúnbi.”

“Mo wà ńbí.”

“Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀, mò ń wò ẹ́. Ìgbà wo lo hu ewú?”

“Ìwọ lo fi fún mi!” Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo dá nọ́ọ̀sì lọ́nà. Àfi bí ẹni tí wọ́n sọ àpò àlùbọ́sà kalẹ̀ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe tù mí. Nígbà tí a délé, ó ní kí n gbé àmùrè Ìyá Dámọ́lá tí mo mú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ó gbé e síta, ó wò ó nínú oòrùn, ó pariwo, “Èyí ni mo pè ní búlúù? Ewúrẹ́ gan-an á mọ̀ pé pọ́pù ni!” Nígbà tí dókítà ní ó lè padà sídìí máṣíìnì, ó rán búlúù. Òun ló fi òwú sí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì rí i dájú pé mò ń wo òun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, Wòlíì ní kó máa bọ̀. Jayé dìde láti kàwé bó ṣe máa ń ṣe, ọkọ mi ní kó jókòó. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n ka èyí fúnra mi. Nígbà tí mo sinmi nílé, mo ka Ìwé Àwọn Ọba Kejì dé ìdí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ látorí, ibi tí wọ́n ti fọ́ Sedekáyà lójú ni mo sì máa ń parí rẹ̀ sí. Kò parí síbẹ̀ o.”

Ó kà á, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Jekonáyà, ọba tó jáde, ṣì wà láyé. Ní ọdún kẹtàdínlógójì tó ti wà lẹ́wọ̀n, ọba tuntun jẹ ní Bábílónì, ó mú un jáde lẹ́wọ̀n, ó bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n pààrọ̀ aṣọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó sì ń bá ọba jẹun lójoojúmọ́ títí ó fi kú. Ọkọ mi gbé ojú sókè, ó ń wò wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní, “Ogún ọdún ni mo fi sọ fún yín pé ọba tó fọ́jú ló kẹ́yìn. Mo ṣì yín lọ́nà. Ọba tó ń jẹun ló kẹ́yìn ìwé yìí. Aṣọ tuntun ló wà lọ́rùn rẹ̀, mo sì jẹ́ télọ̀, mi ò rí i rí.”

Kí èmi tí n kì í dákẹ́ tó lanu, Ìyá Àgbà ti dá a lóhùn, pọ́pù wọn ń dán nídìí wọn. Wọ́n ní, “Àmín o. Tíṣà, tètè gbàdúrà ìparí, ìwọ àti Ìbíjọkẹ́ lẹ ń bá mi jẹun lónìí, ẹ̀wà mi sì wà lórí iná.”